Ọkọ̀ Àtijọ́ Lásìkò Ọ̀wọ́n Epo

Bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti pẹ́ wọ ìlú Ìjàrẹ́, ìbéèrè méjì ni àwọn àgbà máa ń bi í lẹ́yìn ìkíni. Èkínní ni pé, "Ṣé kì í dá yín dúró lọ́nà?" Èkejì ni pé, "Ṣé kì í mu epo jù?" Ẹni tí ó ni ọkọ̀ á dáhùn pé, "Rárá o, ó ń gbìyànjú." Ìdáhùn náà máa ń tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ á sì yí sí òmíràn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò tó mọ́. Olúkúlùkù ló fẹ́ mọ bí ó ti rí gan-an: máìlì mélòó, lítà mélòó, náírà mélòó. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ nìyẹn, nítorí pé àwa náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ní ìwé kan tí a ti ń kọ epo tí ó ń mu sí láti ọdún 2011.

Àwa ọmọ ìyá mẹ́ta ni a jọ ni ín. Ọ̀kan nínú wa ń ṣe olùkọ́ ní ìlú Oǹdó, ọ̀kan ń tajà ní Àkúrẹ́, ẹ̀kẹta sì wà ní Ìjàrẹ́ pẹ̀lú Màmá, ó ń bójú tó oko kòkó tí Bàbá fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ti Ìjàrẹ́ ni ọkọ̀ ń sùn. Toyota Camry ọdún 1999 ni, irú èyí tí àwọn tí ń ta ọkọ̀ ń pè ní Pencil Light. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí a rà á, orúkọ tí àwọn baba wa ń fún ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì gbé gba orí òkun wá sílé. Kútọnú ló ti gúnlẹ̀ bí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ nígbà náà, kí ìjọba Nàìjíríà tó fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017.

Máìlì 131,000 ló wà lójú aago rẹ̀ nígbà tí a gbà á. Máìlì ni a wí o, kì í ṣe kìlómítà, nítorí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kíyè sí i. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Ẹni tí ó bá ka máìlì bí ẹni pé kìlómítà ni, tí ó sì fi iye lítà pín in, yóò rò pé ọkọ̀ òun ń mu epo ju bí ó ti ń mu ún gan-an lọ. A mọ ẹnì kan tí ó ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí irú ìṣirò yìí. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń gùn ún títí di òní.

Ní ọdún 2020 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Oǹdó ló wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó ní ilé òun ni òun fẹ́ máa gbé, ní Ìjàrẹ́, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wà. A kò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa padà lọ sí ilé ìwòsàn ní Oǹdó ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, sọ́dọ̀ àwọn tí ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí a bá jẹ́ kí àkókò pẹ́ jù láàrin ìtọ́jú kan sí èkejì, iṣan ẹsẹ̀ náà yóò le padà. Màmá kò lè gun ọ̀kadà. Kò lè tẹ ẹsẹ̀ wọ inú bọ́ọ̀sì akérò tí wọ́n ti ń pariwo mọ́ ọn pé kí ó tètè wọlé. Ọkọ̀ tí a lè ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kí ó fi ara balẹ̀ jókòó ni ó lè gbé e.

Nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, epo tí a ń rà ní nǹkan bí náírà 195 kọjá 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù keje ó di 617. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ó sún mọ́ 900, kí oṣù kẹwàá ọdún náà sì tó parí ó ti lé ní 1,000 lọ́dọ̀ tiwa. Láti ìgbà náà, ó ń wálẹ̀, ó ń gòkè. Ní oṣù keje ọdún 2023 yẹn ni ọ̀kan nínú wa sọ pé kí a ta ọkọ̀ náà. Ó ní ọkọ̀ tí ó ti lé lógún ọdún kò lè má mu epo, pé ojú ni a ń fi pa mọ́ fún òtítọ́, pé kí a fi owó rẹ̀ máa háyà ọkọ̀ fún Màmá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù! Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wa, ó dun òun tí ó sọ ọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ kò yí padà, owó oko kì í sì wọlé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí a tó dá a lóhùn, a wo ìwé.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọn epo kò le. A ó rọ epo kún táǹkì títí tí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, a ó sì kọ iye máìlì sílẹ̀. A ó wá lo ọkọ̀ náà títí tí epo yóò fi lọ sí ìdajì. A ó padà sí ilé epo kan náà, sí ẹ̀rọ kan náà, a ó tún rọ ọ́ kún. Iye lítà tí ó bá wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ ti mu. Òun ni a ó fi pín iye máìlì tí ó wà láàrin àkọsílẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bá dagun díẹ̀, táǹkì lè gba lítà méjì lé tàbí kí ó dín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a máa ń ṣe é kí a tó gbà á gbọ́. Ọ̀pá kékeré tí ń tọ́ka sí epo lójú pátákó ọkọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n rárá. Nínú tiwa, ó máa ń pẹ́ lókè bí ẹni tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú àkọsílẹ̀ ọdún 2011 àti 2012, máìlì 6.8 ni ọkọ̀ náà ń fi lítà kan rìn lójú ọ̀nà jíjìn. Láti ilé Màmá ní Ìjàrẹ́, gba Àkúrẹ́ kọjá, gba Ọ̀wẹnà àti Bọ́lọ́rundúró dé Oǹdó, àti àbọ̀, máìlì 85 ni lójú aago tiwa. Lítà 12.5 ni ó ń mu nígbà náà. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n ní oṣù keje ọdún 2023, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, máìlì 4.7 ni. Ìrìn àjò kan náà ti di lítà 18.

Ìyàtọ̀ lítà márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Bí irú àìsàn yìí bá ti ṣe ọkọ̀ ní ọdún 2011, nígbà tí lítà kan jẹ́ náírà 65, ohun tí ìbá ná wa lórí ìrìn àjò kan kò ju bí náírà 360 lọ. Ta ni yóò mọ̀? Ní oṣù keje ọdún 2023 ó ti di bí 3,400. Nígbà tí epo dé 1,000, ìbá jẹ́ 5,500 lórí ìrìn àjò kan, èyí tí í ṣe 22,000 lóṣù fún ìrìn àjò mẹ́rin. Ọ̀wọ́n epo ti sọ àbùkù kékeré tí ọkọ̀ fi ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ di ẹrù tí ó lè wó ilé. Nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ pé ọkọ̀ òun "ti gbó, ó ń mu epo," ìbéèrè tí àwa máa ń bi í ni pé: láti ìgbà wo? Ọjọ́ orí kì í ṣàdédé gbé máìlì méjì kúrò nínú lítà kan. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tiwa, a ní láti sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ tí Bàbá lò, nítorí pé láti inú ọkọ̀ yẹn ni ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ní nípa mọ́tò ti wá.

Ní ọdún 1982 ni Bàbá ra Peugeot 504. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, níbi tí ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Lítà epo kan jẹ́ kọ́bọ̀ 20 ní ọdún tí ó rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò nílò kí a ṣàpèjúwe 504 fún yín. Ní Yúróòpù, òun ló gba oyè ọkọ̀ tí ó dára jù lọ fún ọdún 1969, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ pupa tiwa níhìn-ín ni ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Ó ga kúrò nílẹ̀, àwọn spring rẹ̀ gùn, ó ń gbé ara rẹ̀ kúrò nínú kòtò bí ẹni tí ó mọ ibi tí òun ń lọ. Kò sí abúlé tí kò ní ẹni tí ó lè tún un ṣe. Bí epo kò bá lọ dáadáa, mẹkáníìkì á tú kàbúrétọ̀, á fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, á dà á padà, ọkọ̀ á gbéra. Ọkọ̀ tí ènìyàn lè fi ẹnu wò sàn! Bàbá lò ó títí epo fi di kọ́bọ̀ 70 ní ọdún 1991, títí ó fi di náírà 11 ní ọdún 1994, ó sì ní àwọn òfin tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́, a kò gbọdọ̀ gbéra àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ti jó dáadáa. Bí a bá dé orí òkè, kí a yọ gíà sí free, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná, kí mẹkáníìkì yọ thermostat sọnù.

Nínú 504, àwọn òfin wọ̀nyí ní ìdí, ó kéré tán méjì àkọ́kọ́. Kàbúrétọ̀ kò ní ọpọlọ. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà ló ń fa epo, kò mọ̀ bóyá òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì tàbí ó ti gbóná, àfi kí awakọ̀ fi ọwọ́ fa ṣóòkù. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú gíà tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí kíákíá, epo ṣì ń jò wọlé ṣáá. Nítorí náà, free Bàbá lè fi epo díẹ̀ pamọ́, bí ó tilẹ̀ ń fi ọrùn wa sínú ewu, nítorí bírèkì nìkan ló kù tí ó di ọkọ̀ mú.

Camry ọdún 1999 kì í ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní kàbúrétọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń wọn epo fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè nǹkan púpọ̀ kí ó tó wọ̀n ọ́n: omi inú ẹ́ńjìnnì ti gbóná dé ìwọ̀n wo? Afẹ́fẹ́ mélòó ló wọlé? Èéfín tí ń jáde ńkọ́, ṣé epo kò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀? Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo lórí ìgẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ sì wà nínú gíà, kọ̀ǹpútà náà lè pa epo dé pátápátá, nítorí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá yọ ọ́ sí free, ó gbọ́dọ̀ tún máa fún un ní epo kí ó má baà kú. Ẹ rí i pé ohun tí ń fi epo pamọ́ fún Bàbá ni ó ń ná epo fún wa. Jíjó ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan ń fi lítà rìn máìlì òdo. Ìṣẹ́jú kan tó, kí a sì rọra wakọ̀ títí tí yóò fi gbóná.

Ti thermostat ló pa wá lára jù. Ní ọdún 2019, rọ́bà omi kan bẹ́ nítòsí Ọ̀wẹnà, ẹ́ńjìnnì sì gbóná. Mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí pààrọ̀ rọ́bà náà, ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ó tún yọ thermostat. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má ṣe ìyọnu lórí èyí, àwọn Òyìnbó tí ń gbé inú yìnyín ni wọ́n ṣe é fún." Irú ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì gbogbo, ó sì jọ òótọ́ létí. Thermostat yìí jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tí ń dí ọ̀nà omi títí tí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó tó jẹ́ kí ó máa lọ sínú rédíétọ̀. Kì í ṣe nítorí yìnyín. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n gbígbóná yẹn, bí ìkòkò ìrẹsì tí a kò lè sè lórí iná àbẹ́là. Bí a bá yọ ọ́, omi tútù á máa yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ni ṣáá. Á máa rọ epo fún un bí ìgbà tí Bàbá fa ṣóòkù tí ó sì gbàgbé láti dá a padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ tí a ń kì bọ abẹ́ pátákó ọkọ̀ ni ó rí i ní ọdún 2023. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ihò yìí. Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yín kò gbóná tó." A bú sẹ́rìn-ín. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ta ni ó gbọ́ ẹ̀sùn yẹn rí? Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi hàn wá pé a ti rin ìrìn àjò láti Ìjàrẹ́ wá síbẹ̀, omi ẹ́ńjìnnì kò sì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ó tún fi hàn wá pé ohun tí ń tọ́ èéfín wò nínú páìpù, tí wọ́n ń pè ní oxygen sensor, ti kú, ó sì ṣeé ṣe kí epo àpọ̀jù ọdún mẹ́rin yẹn wà lára ohun tí ó pa á. A ra thermostat tuntun àti sensor tuntun. A da omi ẹ̀rọ tí ó ní àwọ̀ sínú rédíétọ̀ dípò omi kànga tí ń dá ìpẹtà sílẹ̀. Owó náà kò kéré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, epo tí a kò rà mọ́ ti san án padà. Ní ìwọ̀n tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà padà sí máìlì 6.3.

Táyà ló gbé e dé 6.6. Iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀pọ̀ fọganáísà fi ń wò ó. Táyà tí ó rọ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ń fi bàtà tí ó tóbi jù rìn nínú iyanrìn. A ra ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́, ó wà nínú àpò ilẹ̀kùn, a sì máa ń wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí táyà tó gbóná. Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ táyà, ẹ dákun, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra táyà tòkunbọ̀, ẹ wo àwọn nọ́mbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Rọ́bà ń gbó bí kò bá tilẹ̀ rìn rárá. Eyín rẹ̀ lè ga dáadáa kí inú rẹ̀ sì ti sán. Lórí epo, a lè dín owó kù. Lórí táyà tí ó ń gbé ìyá wa lọ gba ọ̀nà Oǹdó, rárá.

Ọ̀rọ̀ ilé epo kò ní gùn. Táǹkì ọkọ̀ wa gba lítà 70. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2021, ẹ̀rọ ilé epo kan kà á pé òun ti rọ lítà 72 sínú rẹ̀, epo sì wà nínú táǹkì kí a tó débẹ̀. A kò jà. A fi ìwé ọkọ̀ han ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ta epo, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Sura odindi wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé lórí àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, Suratul Mutaffifin, a kò sì ní láti fi kún un. Láti ọjọ́ náà, ilé epo méjì péré ni a ń lò, àwọn tí iye lítà wọn bá táǹkì wa mu. Bí epo ṣe rí nínú ara rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n rí i pé epo tí ó ní methanol púpọ̀ ti wọ Nàìjíríà, tí ìlà ilé epo sì gùn káàkiri. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọkọ̀ wa fi ń wúkọ́.

Ṣé kì í dá wa dúró lọ́nà? Láti ọdún 2011, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó ti dá wa dúró débi tí a fi ní láti wá ẹni tí yóò fà á. Rọ́bà omi Ọ̀wẹnà jẹ́ ọ̀kan. Bátìrì jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ń fún bátìrì ní iná jẹ́ ọ̀kan. Méjì tí ó kù jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ń ti epo láti inú táǹkì wá síwájú, ìyẹn fuel pump, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Inú táǹkì gan-an ni ẹ̀rọ yìí wà, epo tí ó yí i ká ni ó ń mú un tutù. Nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n, tí ènìyàn ń ra lítà márùn-ún lónìí, márùn-ún lọ́la, tí iná pupa epo kì í kú lójú pátákó, ìhòòhò ni ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, yóò gbóná, yóò sì jó. Àìsí owó ló ń jẹ́ kí a ra epo ní díẹ̀díẹ̀, epo díẹ̀díẹ̀ náà sì ń jẹ owó ńlá. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n a ti pinnu pé epo kò gbọdọ̀ dín ní ìdá mẹ́rin táǹkì. Láti ìgbà náà, fuel pump kò tún kú.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà, ìgbà kan péré ni Màmá wà nínú rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, èémí rẹ̀ ń há, àgo kan òru ti lù, òjò sì ń rọ̀. Kò sí ọ̀kadà, kò sí takisí ní Ìjàrẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà gbéra ní ìyíkọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, a sì gbé e dé Àkúrẹ́. Dókítà sọ pé a tètè dé. Alhamdulillahi. A kò mọ bí a ṣe máa kọ ìyẹn sínú ìwé epo, nítorí náà máìlì nìkan ni a kọ.

Ẹ jẹ́ kí a sòótọ́ lórí owó. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fẹ́ lọ sí Oǹdó láti Ìjàrẹ́, bọ́ọ̀sì akérò dín owó ju ọkọ̀ wa lọ, ó sì dín púpọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ọ̀nà àtifi owó pamọ́ fún ẹni tí ń dá rìn. Nígbà tí epo wà ní 1,000, ìrìn àjò Ọjọ́bọ̀ kan ń ná wa ní bí 13,000 lórí epo. A béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kan pé èló ni yóò fi gbé Màmá lọ, kí ó dúró dè é, kí ó sì gbé e padà. Ó ní 30,000, kò sì ṣe ìlérí pé òun yóò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí a bá fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, táyà àti àtúnṣe kún epo tiwa, a ṣì wà lábẹ́ iye yẹn. Bí ọkọ̀ bá padà sí 4.7, a ó máa sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ààlà wà. Iye tí wọ́n sì fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wa kò lè ra ìdajì èyí tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023.

Nítorí náà, a kò tà á, ṣùgbọ́n a dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Kì í gbéra fún ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra iyọ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá kan àti ìyá kan ní àdúgbò wa tí àwọn náà ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Oǹdó ń bá wa lọ, àwọn ọmọ wọn sì ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí epo láìjẹ́ pé a béèrè. Màmá ló ń jókòó níwájú. Ó ti lè gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé fúnra rẹ̀ báyìí, ọwọ́ ọ̀tún ló kù tí a ń bá a gbé.

Ẹni tí ó ní kí a ta ọkọ̀ náà ni ìwé epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó pe ti Ìjàrẹ́ lórí fóònù ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ní 6.4 ni òun rí, ta ni ó gbàgbé láti wọn táyà?